Ohun Tí Bàbá Kò Sọ Nípa Báńjò Mi

Màmá mi, Ìyá Ìbídùn, ẹ kú ilé o. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì lónìí tí mo sọ fún yín lórí fóònù pé kí ẹ má pè mí mọ́, tí ẹ sì ṣe bí mo ṣe wí. Mo kí yín kú ọyẹ́, mo kí yín kú ìdánìkanwà. Mo kí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń wá sùn tì yín. Mo kí Bàbá Ọ̀mù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àti gbogbo àgbà ilé wa ní Èsìẹ́.

Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀. Mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí wọ́n sì kà á sókè nínú ilé, níwájú àwọn tí wọ́n jókòó ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí ó bá ń kà á, kí ó má fo ibì kankan nítorí ojú àgbà.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá mi. Nígbà èwe wọn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan báńjò kan, ohun orin olókùn bíi gìtá, tí wọ́n máa ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ikán jẹ ẹ́ nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, Bàbá kò sì kan òmíràn. Wọ́n ní àga àwọn alààyè àti pósí àwọn òkú kò jẹ́ kí àwọn ráyè.

Ní òkè òkun tí mo wà yìí, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó jẹ́ atukọ̀ ojú òkun nígbà kan, fún mi ní àpótí pákó pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí wọ́n ń kó sìgá ńlá gbọọrọ sí. Sìgá inú rẹ̀ ti tán, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ mu òmíràn. Pákó náà fúyẹ́, ó ṣì ń rùn tábà. Nígbà tí mo fi ìka gbá a, ó dún. Ọjọ́ náà gan-an ni mo pè sílé pé mo fẹ́ fi kan báńjò fún Bàbá.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní ṣé kí n lọ máa ṣa àpótí òfìfo kiri ni àwọn ṣe ta ilẹ̀ wa ní Agbámú kí n lè wọ ọkọ̀ òfúrufú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi.

Ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe é, Màmá. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì yín kò gba fídíò, etí Bàbá sì ti wúwo nítorí ẹ̀rọ ayùn. Ní gbogbo Sátidé, èmi yóò béèrè, ẹ ó pariwo rẹ̀ sí wọn létí, èmi yóò sì máa gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn tiyín. Wọ́n ní kí n má lẹ ọrùn báńjò mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí n jẹ́ kí igi náà gba inú àpótí kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, torí okùn yóò fà á ya bí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo lo ẹsẹ̀ tábìlì kan tí ẹnìkan jù síta. Wọ́n ní kí n gé ojú àpótí ní ròbótó, kí n fi awọ ewúrẹ́ bò ó. Mo rí awọ gbà lọ́wọ́ alápatà kan tí ó jẹ́ ará Sòmálíà. Inú balùwẹ̀ ni mo ti fi abẹ fá irun rẹ̀. Òórùn náà gba gbogbo ilé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń gbé sì bi mí bóyá Iléyá ti dé tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún òun. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni Bàbá fi ṣe okùn tiwọn láyé ọjọ́un, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má dán an wò, kí n lọ ra okùn gìtá bí ọmọ tí a kọ́.

Ó ku kí awọ gbẹ. Òjò ti ń rọ̀ níbí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yàrá mi tutù, ara ògiri gan-an ń làágùn. Awọ náà kàn ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lójú àpótí bí ètè ẹni tó ń sùn. Sátidé kan mo pè, ẹ kò gbé e. Sátidé tó tẹ̀ lé e ẹ gbé e, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn Bàbá. Ẹ ní ọ̀fìnkìn ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n wà nínú yàrá. Ẹ ní kí n dúró, ẹ ń lọ bi wọ́n. Mo gbọ́ ìró sílípáàsì yín lórí sìmẹ́ńtì. Ó lọ, ó dákẹ́, ó padà. Ẹ ní Bàbá ní kí n gbé e sítòsí iná, kí ó lè tètè gbẹ.

Màmá, ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn tí Bàbá ti wà nínú ilẹ̀.

Mo gbé àpótí náà ti ẹ̀rọ tí ń mú yàrá gbóná, mo lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo fi máa dé, awọ ti súnkì. Ó ti fa ojú àpótí ya sí méjì, ó sì ti tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú bí ẹni tẹ agolo. Inú ibòji ni a ti ń jẹ́ kí awọ gbẹ. Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ káfíńtà ni mí, ó sì ti ṣe mí ní kàyéfì nígbà tí ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé Bàbá ló sọ ọ́, nítorí náà mo ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa ń yan ẹja lórí iná títí yóò fi gbẹ. Ohun tí ẹ mọ̀ ni ẹ fi dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìbínú pè yín. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, màá tún un sọ níbí, kí gbogbo ilé lè gbọ́ irú ọmọ tí mo jẹ́. Mo ní kí ẹ sọ fún Bàbá pé wọ́n ti darúgbó, orí wọn kò pé mọ́. Mo ní láti kékeré mi ni wọ́n ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi ṣe dípò kí wọ́n kọ́ mi, pé wọn kò kọ́ mi ní ohun kan tí ó pé rí. Mo ní kí ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn nísinsìnyí, mò ń dúró. Sílípáàsì yín lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó padà. Ẹ ní ẹ ti sọ fún wọn. Ẹ ní wọ́n ní kí n má bínú.

Kí ni ẹ ṣe nínú yàrá yẹn?

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún tí wọ́n ti sin Bàbá, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, àgbàlagbà méjì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí kan ilẹ̀kùn mi. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹ ti ròyìn báńjò fún wọn ni, mo sì ń tọrọ àforíjì pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n ní kí n jókòó. Ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà. Wọ́n ní Bàbá Ọ̀mù ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi fóònù túfọ̀ Bàbá fún mi, pé ọmọ tí ó dá wà ní òkèèrè lè ṣe ara rẹ̀ léṣe, pé ènìyàn ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Iṣẹ́ alẹ́ ni àwọn méjèèjì ń ṣe, wọn kò ráyè wá títí di ọjọ́ náà.

Mo mọ àṣà yẹn. Nígbà tí ìyá Bàbá kú, èmi gan-an ni wọ́n rán lọ sí Ìsánlú-Ìsin láti sọ fún ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin pé ara Ìyá kò yá, kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n wọ mọ́tò, a jọ dé ilé, wọ́n rí èrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì mọ̀. Irọ́ tí mo pa fún wọn kò pẹ́ tó irẹsì lórí iná. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá àṣà náà sílẹ̀ fún. Ẹ gbé e wá bá ẹni tí kò lè wọ mọ́tò wálé, tí kò sí ẹnu ọ̀nà tí yóò ti rí èrò.

Bàbá Ọ̀mù, ẹ gbọ́ mi. Ẹ kò dáàbò bò mí. Ìyá mi lẹ gbé ẹrù náà lé lórí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ní Ọjọ́bọ̀, tí ẹ sin ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, òun lẹ ní kí ó máa bá ọkọ náà sọ̀rọ̀. Pósí tí ẹ fi sin káfíńtà, rírà lẹ rà á ní Ọ̀mù-Àrán. Tí ó bá jẹ́ èmi ni mo kú síbí, ta ni ẹ ó ní kí ó máa gba ohùn mi dá ìyá mi lóhùn?

Mo pè yín lọ́jọ́ Àìkú náà, Màmá. Ẹ kò tí ì pe orúkọ mi tán tí mo fi pè yín ní òpùrọ́. Mo ní òkú méjì ni mo ní, pé ẹ̀yin ni èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ẹ má pè mí mọ́.

Ní ibi iṣẹ́, ọ̀gá mi ní kí n mú ìwé wá tí yóò fi hàn pé lóòótọ́ ni Bàbá kú. Ó bi mí ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní wọ́n kúkú ti gbó. Ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.

Obìnrin kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, iyè rẹ̀ ti ra. Lójoojúmọ́ ni ó ń béèrè ọkọ rẹ̀, ọkọ náà sì ti kú tipẹ́. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí a má sọ fún un, nítorí gbogbo ìgbà tí ó bá gbọ́ ọ ni ó ń di tuntun fún un. A ó ní ọkọ rẹ̀ lọ ra nǹkan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kọ oúnjẹ, ó ní kí n lọ bi ọkọ òun bóyá kí òun jẹun. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró. Mo padà wọlé, mo ní ọkọ rẹ̀ ní kí ó jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán.

N kò sọ pé ọ̀kan náà ni. Obìnrin yẹn kò ní rántí lọ́la, èmi yóò rántí títí ayé mi. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí ó wà níbi tí ẹ lọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ènìyàn kàn ń dúró ni, ó ń fọkàn ka iye àkókò tí ó yẹ kí òkú fi fèsì.

N kò tí ì dárí jì yín tán, Màmá. N kò ní purọ́ fún yín, irọ́ ti tó láàárín wa. Ṣùgbọ́n mo kó ọ̀rọ̀ òkú méjì tí mo sọ yẹn jẹ, níwájú gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ lọ sọ fún Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ. Kò bà wọ́n. Ẹ̀yin ló bà, níjọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn máa rọ̀ yín pé ẹ jẹun.

Mo ti rí àpótí mìíràn. Awọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọjọ́ kọkànlá rèé, kò tí ì gbẹ, n kò sì gbé e sún mọ́ iná. Ohun kan wà tí n kò mọ̀: bóyá kí n lẹ igi kékeré tí ó ń gbé okùn sókè mọ́ awọ ni, tàbí kí n kàn gbé e lé awọ lórí. N kò béèrè lọ́wọ́ Bàbá nígbà tí wọ́n wà. Mo fẹ́ bi yín. Tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀, ká jọ máa rò ó. Ohùn tiyín ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọlọ́run yóò tù yín nínú. Oorun yóò padà sí ojú yín, oúnjẹ yóò dùn lẹ́nu yín, ẹnikẹ́ni kò ní bẹ̀ yín ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi kí àwọn ẹbí yín ní Agbámú. Ẹ bá mi kí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá jókòó gbọ́ lẹ́tà yìí, àti àwọn tí inú wọn kò dùn sí i.

Ní Sátidé yìí, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá pè yín. Tí ẹ kò bá gbé e, màá pè ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, màá sì tún pè ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Màá máa pè.

Ọmọ yín,
Ìbídùn