Igbódayọ̀ Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Karùn-ún 2024

Mo ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Abraham ọmọ mi ní kí n yé gun ọ̀kadà lọ sí Ore. Levi àbúrò rẹ̀ ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyàwó Levi ní kí n dín iyọ̀ kù. Kí wọ́n máa gba ara wọn nímọ̀ràn. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo ṣe nílé ìwé, ṣùgbọ́n mo lè kọ ohun tó ń dùn mí.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Lónìí, lọ́jà Ore, mo ń yẹ ẹja gbígbẹ wò lọ́wọ́, obìnrin kan pariwo lẹ́yìn mi: "Igbódayọ̀! Igbódayọ̀ o!" Mo jẹ́ ẹ. Mo tún yíjú padà, mo ń rẹ́rìn-ín — mo rò pé ará Odigbo kan ló rí mi. Àfi ọmọbìnrin kékeré kan tó sáré kọjá lábẹ́ apá mi, bisikíìtì lẹ́nu, bàtà tó ń tan iná lẹ́sẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè.

Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ mi ni."

Ọmọ rẹ̀! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni pín orúkọ yìí rí. Ní Odigbo ni o, ní Ajue ni o, títí dé Araromi-Obu. Igbódayọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Èmi ni.

Mi ò ra ẹja mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Karùn-ún

Mi ò jẹun. Kì í ṣe ààwẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Karùn-ún

Mo ní kí Sùlèímọ̀n, ọlọ́kadà mi, gbé mi padà sí Ore. Mo wá obìnrin yẹn kàn. Mo bi í pé níbo ló ti rí orúkọ ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní, "Ẹ̀mí ló mú un wá, Màmá. Ìyá Àdúrà wa ló gbà á lójú ìran."

Ìyá Àdúrà wo?

"Wòlíì Tóyọ̀sí."

Àbúrò mi. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Nínú ìwé yìí, Agogo ni màá máa pè é, nítorí agogo kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà kì í sì í dákẹ́.

Ẹ̀mí wo? Ṣé ẹ̀mí tí èmi àti ẹ̀ jọ sùn lórí ẹní kan nílé bàbá wa?

Bí a ṣe ń padà bọ̀, Sùlèímọ̀n tún da iyọ̀ sójú egbò mi. Ó ní, "Orúkọ yẹn ti pọ̀ o, Màmá. Ọ̀kan wà lójúlé wa. Méjì wà ní Ajue. Ìdáyátù onígàrí náà fi kún ti ọmọ rẹ̀, ó ní ó dùn lẹ́nu."

Ìdáyátù tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí! Mo ní kí Sùlèímọ̀n máa wo iwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù Karùn-ún

Mo lọ sí ilé àdúrà Agogo, mi ò sọ fún un. Mo bọ́ bàtà mi, mo mú un dání, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Wọ́n kọrin, wọ́n jó. Agogo wá jáde nínú aṣọ funfun, ó lu agogo, ó ní: "Gbogbo Igbódayọ̀, ẹ jáde wá gba ìbùkún!"

Ó kù díẹ̀ kí n dìde. Orúnkún mi ti gbọ́ kí n tó dá a dúró.

Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n kó jáde. Ọ̀kan ṣì ń mu ọmú. Gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fọwọ́ pa wọ́n lórí. Obìnrin tó jókòó tì mí sọ sí mi létí: "Orúkọ ọ̀run nìyẹn, Ìyá. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ rí láyé yìí."

Mo ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ó ní, "Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ yìí."

Ìgbà náà ni Agogo rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo, ó ń lù ú bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Karùn-ún

Ìwé, gbọ́ bó ṣe jẹ́, kí ìwọ náà má lọ gba ti Agogo gbọ́.

Gẹdú ni bàbá mi ń là nínú igbó Odigbo. Ìyá mi lóyún mi, ó lọ já ewé gbódògì tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ó ṣìnà. Ilẹ̀ ṣú, kò dé. Ilẹ̀ tún ṣú, kò dé. Wọ́n ti ń sunkún nílé, ìyá bàbá mi ti tú irun rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn agégẹdú tó ń wá a gbọ́ igbe ọmọ nídìí igi arère kan. Èmi ni. Ìyá mi ti fi ewé gbódògì wé mi bí ẹ̀kọ. Bàbá mi gbé mi sókè, ó ní, "Igbó tó fẹ́ di ẹkún mọ́ mi lọ́wọ́, ó dayọ̀."

Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn. Kò bọ́ láti ọ̀run. Ìdí igi ló ti wá, tòun ti èèrà lára.

Ta ló sì bá mi jìyà rẹ̀? Ọmọ ọ̀bọ ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Tíṣà kọ Ẹkúndayọ̀ sínú ìwé ìpè, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ Igbódayọ̀. Ó pe Ẹkúndayọ̀, mi ò dáhùn. Ó nà mí, mi ò dáhùn. Ìdí tí mi ò fi ré kọjá kíláàsì mẹ́ta nìyẹn. Títí di àná, àwọn ọmọ páàkì Ore ṣì ń kígbe tẹ̀ lé mi: "Màmá Igbó, ẹ fún wa ní díẹ̀ ká fà!"

Mo gbé e. Mo fi ọrùn líle gbé e. Wọ́n wá fi dá àwọn ọmọ oníbàtà iná lọ́lá.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Karùn-ún

Levi pè mí lórí fóònù. Ó ti gbọ́. Ó ní, "Màmá, ṣé kò yẹ kínú yín dùn? Orúkọ yín ò ní parun." Mo pa fóònù.

Owú ni mò ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni bá mi wò ó sàn.

Ohun tó ta mí jù rèé. Agogo jẹ mí ní gbèsè. Kì í ṣe owó. Ọdún tí ogun dé Ore, gbogbo wa sá wọ igbó. Agogo gbé oyún àkọ́kọ́ rẹ̀, ìrọbí mú un lábẹ́ òjò. Ó ní òun á kú. Mo ní, "Igbó yìí ló bí mi, kò lè pa ọ́." Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú: "Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ yín ló máa jẹ́."

Obìnrin ni. Ó sọ ọ́ ní Rúùtù.

Ó tún bí obìnrin mẹ́rin tẹ̀ lé e. Kò sí Igbódayọ̀ nínú wọn. Èmi ní tèmi, ọkùnrin nìkan ni mo bí. Mo dákẹ́. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Kò mà gbàgbé o! Ó ń pín in fún àlejò bí omi àdúrà, ilé wa ló ń fi dù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Karùn-ún

Bámiṣe, ọmọ Rúùtù, bímọ ní Ore. Obìnrin. Ìsọmọlórúkọ di Àbámẹ́ta tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Karùn-ún

Agogo kò ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà ò ránṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Karùn-ún

Ó wá fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán, aṣọ funfun, búrẹ́dì ńlá méjì lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀. Mi ò ní kó dìde.

Mo ní ẹ̀mí wo ló sọ orúkọ mi fún un.

Ó ní ẹ̀mí ni lóòótọ́. Obìnrin kan wá bá òun tí ọmọ ti ń kú mọ́ lọ́wọ́. Òun ń gbàdúrà lórí èyí tó gbé wá, òun ò mọ ohun tí òun máa sọ mọ́, òun ya ẹnu, orúkọ mi ló jáde. Ọmọ náà yè. Ó ti ń lọ sílé ìwé. Bí àwọn yòókù ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn.

Mo ní kí ló dé tí kò wí fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni ín.

Ó ní, "Kí wọ́n lè ya wá bá yín? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìgbálẹ̀ lé èèyàn?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo gbé e mì. Mo ní, "Rúùtù ńkọ́?"

Agogo dákẹ́! Ó ní, "Ìyá wa ni wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n ní nílé tiwa, a kì í fi orúkọ alààyè sọ ọmọ inú ilé. Wọ́n ní tí ọmọ bá ti gba orúkọ, ẹni tó ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ló bà mí nítorí yín. Ọmọ àlejò ò lè pa yín lára. Mo wá ń pè é níta, nítorí ó máa ń wù mí í pè. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ, ọmọ tó bá kọ́kọ́ dé sílé wa lẹ́yìn yín, òun ni."

Ó ń sunkún. Mi ò sunkún. Mo ní kó gbé búrẹ́dì kan padà. Mo mú ìkejì.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù Karùn-ún

Mo ti jẹ búrẹ́dì náà tán. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: ọjọ́ tí wọ́n bá pe Igbódayọ̀ nínú ilé wa, etí mi yóò ti kún fún iyẹ̀pẹ̀. Àwọn ọmọ àlejò nìkan ni màá gbọ́ títí màá fi lọ.

Rárá o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Karùn-ún

Ore, yàrá Bámiṣe. Mo mú ìwé yìí wá nínú báàgì.

Wọ́n gbé àwo omi kalẹ̀, oyin, iyọ̀, obì. Àgbà tó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ á sọ owó sínú omi, á pe tirẹ̀. Ìyá ọkọ Bámiṣe pe Ọlọ́runfúnmi. Abraham mi pe Mọ́rẹ̀nikẹ́. Àwo ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé ọ̀dọ̀ mi. Bámiṣe ní, "Ìyá àgbà, ó kàn yín." Agogo ń wò mí láìṣẹ́jú.

Mo lè pè é fúnra mi. Ẹnu mi ò rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè kì í bá ajigbèsè san án. Mo gbé àwo náà lé Agogo lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa yín."

Omi ń dà sílẹ̀ lára àwo. Ọmọ náà yán.

Mo ní, "Igbó ò pa mí. Ogun ò pa mí. Ikú mọ ilé mi ní Odigbo, kò dìgbà tí ìkókó bá júwe rẹ̀ fún un."

Ó ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun gbàdúrà díẹ̀. Mo dìde wá síbí. Mò ń gbọ́ agogo rẹ̀ ní pálọ̀. Abraham ti yọjú, ó ní kí n jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Levi ti yọjú, ó ní bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n pa ìlẹ̀kùn dé.

Kó gbàdúrà. Kó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀mí. Mi ò kúrò níhìn-ín.

Igbódayọ̀ kan lo jẹ mí, Tóyọ̀sí. San án lójú mi.