Moríkẹ́ Adégbóyè, Ẹni Tí Ó Kọ ‘Omi Dé’ fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi Igbokoda

Zion Pepe ni a bí Màmá Moríkẹ́ Adégbóyè sí ní ọdún 1959, sínú ìdílé Jákọ́bù Olówòkéré, apẹja ọmọ bíbí Ode Ugbo, àti Àrìnpé ìyàwó rẹ̀, tí ń yan ẹja tà. Kí wọ́n tó mọ ABD ni wọ́n ti mọ àjẹ̀ dì mú.

Wọ́n kàwé dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n kọ́ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà. Ní 1985 wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Godwin Adégbóyè, wọ́n sì di olùkọ́ ní Igbokoda.

Ní 1988 ni wọ́n kọ Omi Dé, ètò kọ̀ǹpútà tí ń sọ ìgbà tí òkun yóò kún àti ìgbà tí yóò fà, kí ọkọ̀ má baà há sínú ẹrẹ̀. Fáìlì COM ni nígbà náà, irú èyí tí kò gbọ́dọ̀ tóbi rárá. Bí wọ́n ṣe ń fi èbúté kún èbúté, COM kò gbà á mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di EXE, tí ó láyè jù ú lọ. Windows dé, ìrísí EXE tún yí padà; Màmá bá a yí.

Lẹ́yìn náà ni òkun ya wọ Zion Pepe, ó gbé ilé wọn níbẹ̀ lọ, tòun ti díísìkì àti ìwé tí wọ́n kọ àwọn àṣẹ iṣẹ́ náà sí. EXE tó wà nínú kọ̀ǹpútà èbúté nìkan ló kù. Ní 2014 ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun, kọ̀ǹpútà náà kọ EXE àtijọ́ jálẹ̀. Lawrence, alága ẹgbẹ́, ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.”

Màmá ní, “Lawrence, òkun ti mú ilé mi. Kò ní í mú èyí.”

Wọ́n jókòó ti fáìlì náà. Nọ́ńbà lásán ló wà nínú rẹ̀, nítorí nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́. Wọ́n ń tú u ní àṣẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tún un kọ, títí òjò ọdún náà fi dá. Lọ́jọ́ tí Omi Dé ṣí lórí kọ̀ǹpútà tuntun, Màmá sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Títí dòní, ọkọ̀ kì í ṣí ní èbúté láìwò ó. Orí wa wú!

Nínú ìjọ, ìyá ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n. Ohùn wọn kò gbó.

Màmá ti lọ sinmi; wọ́n fi ọkọ wọn sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Promise, Rejoice àti Ọpẹ́fólúwa, àti àwọn ọmọ-ọmọ.

Abiyamọ tòótọ́, ẹ sùn ire. Ibi tí ilẹ̀ kì í ti í ṣú ni kí Olúwa tẹ́ ẹní yín sí.