Oògùn tí Mo Jogún

Ìyá mi, ìyá tó bí mi,

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ "tó bí mi" yẹn ni, kó lè yé yín pé èmi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe Ràfátù. Ẹ má bínú sí mi. Ilẹ̀ ti gbà yín, èmi ṣì ń bá ọmọ ìyàwó kékeré bàbá mi du yín.

Ṣé ara tù yín níbẹ̀? Ṣé inú yẹn ò ta yín mọ́? Ilé wa ní Bẹyẹrunka ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, wọ́n kàn pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé ni. Mo ṣì ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ. Ẹ̀yìn tó máa ń dùn mí nígbà tí ẹ wà láyé kò fi mí sílẹ̀, ìdí máṣíìnì sì rèé, ibẹ̀ ni mò ń jókòó ṣúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níkùn mi. Èmi nìkan ni ẹ bí. Ìyá Ràfátù bá òwò lọ sí Òkè Ọya, ó gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú sí yín lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa padà dé, Ràfátù ti gba ẹ̀gbẹ́ yín lórí ẹní, ẹsẹ̀ yín ni wọ́n sún èmi sí. Mo gba ìyẹn, mo ní ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ oògùn ni n kò lè gbà.

Nígbà tí ọgbẹ́ inú dá yín wólẹ̀, tí ẹ sì ti ń gbàgbé nǹkan, dókítà kọ oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù fún yín. Bí mo bá gbé e wá, ẹ ó kọjú sí ògiri. Bí Ràfátù bá gbé e wá, ẹ ó lanu gbà á. Á fún yín láàárọ̀ kí ẹ tó fi ohunkóhun kan ẹnu, á wá jókòó tì yín, á máa wọ́ yín lẹ́sẹ̀ títí àsìkò ẹ̀kọ yóò fi tó. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń wò yín kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Kí ló wà lọ́wọ́ Ràfátù tí kò sí lọ́wọ́ mi?

Lẹ́yìn fìdáù yín, ẹbí pín ẹrù. Yẹtí wúrà yín ni wọ́n fún mi, gbogbo èèyàn sì ń kí mi kú oríire. Ràfátù gba ìró tí ẹ fi ń bora sùn. Ta ló ń wá wúrà? Òórùn ara yín wà lára ìró yẹn! Mo wo yàrá yíká, mo rí agolo tí ẹ ń kó páálí oògùn yín sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì gbé e mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká dà á nù," ni Ràfátù wí. "Ọjọ́ ti kọjá lórí àwọn kan níbẹ̀, wọn kì í sì í jogún oògùn."

Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó jogún ìró ni yóò wá máa sọ ohun tí èmi ò gbọ́dọ̀ jogún?

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Bí mo bá ṣínu tán, á dà bíi pé ẹyin iná ni mo gbé mì. Ìyá mi, inú mi dùn díẹ̀. Mo ní àìsàn ìyá mi ló ṣe mí, Ràfátù ò lè ní irú ẹ̀. Mo ṣí agolo, mo lo hóró kan nígbà tí mo ti yó bámúbámú, iná náà sì rọlẹ̀ nígbà tó yá. Bí oògùn yín ṣe di tèmi nìyẹn. Nígbà tó tán, mo mú páálí rẹ̀ lọ ra irú rẹ̀, n kò fojú kan dókítà. Mo tún ń lo oògùn ara ríro nítorí ẹ̀yìn mi, nígbà míì lórí inú òfìfo, n kò mọ̀ pé òun gan-an ló ń họ mí nínú. Ti yín ń pa ìrora mọ́lẹ̀, egbò sì ń jẹ mí lọ lábẹ́.

Nígbà tí ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ǹ bá sọ fún? Ràfátù? Kó wá gba èyí náà mọ́ mi lọ́wọ́?

Òun náà ló sì bá mi nílẹ̀. Ó gbé aṣọ wá kí n bá a rán, ó bá mi níbi tí mo gbé orí lé máṣíìnì, tí òógùn tútù bò mí. Ó kígbe pe kẹ̀kẹ́ máàrúwá, ó sì gbé orí mi sí itan títí a fi kọjá Mọ́lété dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ni mo jẹ́ sí i.

"Ọmọ ìyá mi ni," ló wí, kò tiẹ̀ rò ó.

Ìyá tirẹ̀ wà láàyè ní Ọjà'ba! Bí kì í bá ṣe pé ojú ń ṣú mi, ǹ bá dìde bá a jà níbẹ̀.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lẹ́nu bọ̀ mí lọ́fun, wọ́n sì rí egbò náà. Dókítà obìnrin kan ní ká kó gbogbo oògùn tí mo ń lò wá. Ó yí páálí yín sọ́tùn-ún sósì.

"Mà, ta ló ní kí ẹ máa lo èyí?"

Mo ní ìyá mi ni. Ó ní kí wọ́n bá òun pe màmá wá. Èmi bú sẹ́rìn-ín, Ràfátù bú sẹ́kún.

Ó ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́ pé oògùn náà ò burú, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ fún ló ni ín, èèyàn kì í sì í dá lò ó lọ títí láìjẹ́ kí wọ́n yẹ inú òun wò. Kí n jáwọ́ nínú oògùn ara ríro yẹn. Bí ìgbẹ́ bá tún dúdú, tàbí tí mo bá bi ẹ̀jẹ̀, kí n sáré wá, kí n má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá kọ tèmi fún mi: láàárọ̀, ṣáájú oúnjẹ, kí n fi omi gbé e mì lódidi, kí n má rún un.

Láàárọ̀ yìí, Ràfátù gbé omi wá. Mo lo oògùn, ẹ̀kọ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a jọ ń dúró kí àsìkò ẹ̀ tó. Ibẹ̀ ni mo ti bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn: kí ló fún yín tí ẹ fi ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan?

Ó gbé ife omi sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Iyè wọn ti rá. Ẹni tó bá jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án lóru, wọ́n ti gbà pé ọmọ tí wọ́n bí ni. Orúkọ yín ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àlejò ni wọ́n pè yín. Bí mo bá ní Ràfátù ni mí, wọ́n á pa ẹnu dé. Ni mo bá ń jẹ́ orúkọ yín, kí wọ́n lè lo oògùn. Èmi náà, ẹ̀yin ni mò ń jowú, ó fẹ́ẹ̀ pa mí."

Ṣé òótọ́ ni, Ìyá mi? Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Ó dùn débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀. Mo wá bi í bóyá ẹ tún pè é ní Ràfátù kí ẹ tó lọ.

Ó mi orí pé rárá. Àsìkò oúnjẹ tó, ó kọjá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀kọ.

Owú tèmi ò tíì tán o, ìró yẹn ṣì ń wù mí. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí àyè wá bá ẹnì kan nínú wa lójú àlá, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. Ràfátù ni kí ẹ lọ bá. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ kó gbọ́.

Èmi ọmọ yín tó ń jowú, tó sì fẹ́ràn yín dọ́ba.