Tíkẹ́ẹ̀tì Màmá Tí Ẹ Tà

Houston,
Oṣù Kẹta, 1997.

Ẹ̀gbọ́n mi Ephraim,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ara mi le, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun ń lọ dáadáa, inú mi sì dùn gan-an. Ó dùn débi pé abọ́ méjì ni mo fọ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì ọkọ̀ òfurufú.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ní kí ẹ fún Màmá, ẹ tà á fún Chukwuma oníbàárà yín! Ẹ wá kọ̀wé sí mi pé, "Ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún ẹ." Ọ̀fẹ́ wo? Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń fi káàdì báńkì ṣọ́ọ̀bù ra gbogbo nǹkan, títí kan irun tí mo ń dì mọ́ àwọn oníbàárà lórí, torí pé dọ́là kọ̀ọ̀kan tí mo bá ná ń di máìlì kan. Máìlì yẹn, tí àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ń gbà dípò owó tíkẹ́ẹ̀tì, ni mo kó jọ kí Màmá lè fojú kàn mí.

Ẹ rò pé bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ orúkọ lórí ìwé ẹrù tí ẹ ń bá oníbàárà gbà jáde ní èbúté ní Wharf Road ni wọ́n ń ṣe é lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ní èèwọ̀ ni títa irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀; wọ́n ti fagi lé e, wọ́n sì ti gba gbogbo máìlì mi.

Ẹ̀gbọ́n ni yín, n ò lè sọ ohun tó wà lẹ́nu mi.

Ẹ má ní kí èmi wá sílé. Bí mo bá jáde níbí láìní ìwé ìgbélùú, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Ìwé mi ń bọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń bọ̀.

Mo gbọ́ pé Màmá ti wọ súwẹ́tà kiri Ajégúnlẹ̀ nínú ooru yẹn, wọ́n ń dágbére. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ bá wọn tú ẹrù tí wọ́n ti dì.

Àbúrò yín,
Títílọpẹ́