Ẹnikẹ́ni Kò Kí Mi Kú Iṣẹ́

Port Harcourt,
Oṣù Kẹta, 1962

Màámi,

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ìdíje gọ́ọ̀fù tí mo sọ fún yín ti parí. Ipò kejì ni mo gbà. Àwa méjì la gbá a.

Tí mo bá ń fi dánra wò nírọ̀lẹ́, Àlímì, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, á kígbe, "Kú iṣẹ́ o!" Bọ́ọ̀lù á sì wọ ihò wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n níbi ìdíje, èèwọ̀ ni kéèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹnìkan bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń bá mi ṣọ̀tá. Bọ́ọ̀lù mi fo ihò kọjá.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, tó fi mí sí ìdíje náà, ní kò burú. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un.

Ẹ bá mi kí Bọ́sẹ̀dé. Tí ẹ bá ń fèsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kí mi kú iṣẹ́.

Ọmọ yín,
Adékọ̀yà