Òrùlé Tí Bàbá Kùn Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́bọ̀, Iléṣà

Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ìtàn ilé-iṣẹ́ ọ̀dà Bàbá wa tí mò ń kọ, ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Dàpọ̀, tún ní kí n yọ ti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kúrò.

Ọ̀dà àkọ́kọ́ tí Bàbá pò, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ni wọ́n fi kùn. Páànù ti dógùn-ún, Bàbá ò ha á. Òjò kan ṣoṣo bó gbogbo rẹ̀ dànù. Wọ́n padà lọ ha á, wọ́n tún un kùn. Ìdí nìyẹn tí "Kọ́kọ́ ha á" fi wà lára agolo wa dòní.

Bọ̀dá ní, "Ta ní ń kọ ìtìjú sínú ìtàn?"

Mi ò lágbára àtijà. Mo yọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́ mo ka ìyókù fún Màmá. Wọ́n ní, "Ọ̀dà tẹ́ ẹ kùn yìí ń dán o. Ṣé ẹ kọ́kọ́ ha á?"