Àdá Méjì Nílẹ̀

Ọjọ́bọ̀, Ùsì-Èkìtì

Iṣu mi ti tutù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kọ.

Mo bi kíláàsì mi léèrè bí àwọn orílẹ̀-èdè tó ní bọ́ǹbù átọ́míìkì ṣe lè jáwọ́ níbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ àgbẹ̀, dìde.

"Sà, tí bàbá mi àti ẹni tí wọ́n jọ pààlà oko bá fẹ́ parí ìjà, àwọn méjèèjì á fi àdá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí kálukú ti lè rí ti ẹnìkejì."

Ọmọ yìí mà gbọ́n o! Èmi olùkọ́ ò ronú kàn án rí.

Mo ní kó máa bá a lọ. Ó wo ọwọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi pàṣán yín sílẹ̀ ná."

Mo gbé e sórí tábìlì, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i.